Ilé Tí A Ò Rí Tà

Kí ọ̀gá mi tó sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ nu awò ojú rẹ̀. Agbẹjọ́rò ni ní Àkúrẹ́. Nígbà tí nǹkan le, kọ́ọ̀tù ní kó palẹ̀ ilé-iṣẹ́ kòkó kan tí gbèsè wó ní Oǹdó mọ́, kó sì san gbèsè rẹ̀. Bàbá tó ni ín ti ra kòkó láwìn lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ nígbà tó mọ̀ pé òun ò ní lè san án. Ó wá gbà ká ta ilé tí òun ń gbé, ká fi sanwó wọn.

"Sà, ẹ jẹ́ ká tètè tà á," ni mo wí.

Ó nu awò. "Adájọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ná."

Wọ́n ń sún ẹjọ́ síwájú títí bàbá náà fi kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ sin ín sí pálọ̀ ilé náà.

Nígbà tí adájọ́ fọwọ́ sí i, ẹni tó fẹ́ ra ilé kọ̀: "Ṣé kí n máa jẹun lórí sàréè bàbá oníbàbá?"

Ọ̀gá mi nu awò títí.