Mo-Ti-Rí-I àti Ẹ̀rọ Ìfọbọ́ Rẹ̀

Kò sí ẹni tó mọ Mo-Ti-Rí-I tí kò mọ̀ nípa ọjọ́ tí ìfófòó ọṣẹ lé òun àti ìyàwó rẹ̀ kúrò nínú ilé ìdáná wọn. Ọṣẹ ẹ̀rọ ìfọbọ́ ló tán. Ìyàwó rẹ̀ ní kó ní sùúrù kí òun lọ ra òmíràn. Ó ní rárá, ọṣẹ ni ọṣẹ ń jẹ́, àbí ẹ̀rọ nímú tó máa fi gbóòórùn ohun tí wọ́n bù sí i? Ló bá gbé ike ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọwọ́ fọ abọ́, ó dà á sínú ẹ̀rọ, ó tún fi díẹ̀ lé e nítorí àwọn ìkòkò. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó lọ jókòó.

Ìfófòó náà kọ́kọ́ yọjú lábẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀rọ bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n máa fi mọ̀, ó ti gba ilé ìdáná, ó ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Opó tó ń gbé ìsàlẹ̀ wọn, ẹni tí kì í fẹ́ rí eruku lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, gbé ìgbálẹ̀, ó gòkè wá.

"Bàbá, kí lẹ ń sè?"

"A ò se nǹkan kan." Ìfófòó ti dé orúnkún rẹ̀ níbi tó dúró sí. "Ẹ̀rọ yìí ló ń bá wa fọlẹ̀ mọ́ abọ́. Ẹ lọ ṣílẹ̀kùn yín sílẹ̀ dè é, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

Onígbàjámọ̀ ni Mo-Ti-Rí-I nígbà ayé rẹ̀. Ohun tó bá ti bàjẹ́, kó tó fọwọ́ kàn án, kó tó bẹ̀rẹ̀ wò ó pàápàá, á ní, "Mo ti rí i." Tí o bá bi í pé kí ló rí, á ní ibi tó ti bàjẹ́ ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó máa ń ròyìn gbogbo ẹ̀rọ tó ti tún ṣe fún àwọn tó wá gẹrun, kò sì sẹ́ni tó já a nírọ́ rí. Ta ni yóò bá ẹni tó gbé abẹ lé e lọ́rùn jiyàn?

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló mú ẹ̀rọ ìfọbọ́ wọ ilé wọn. Ọṣẹ ò bá ìyá náà lára mu. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ń là, ẹ̀jẹ̀ ń yọ lójú oríkèé, kò lè di bọ́tìnnì aṣọ ara rẹ̀ mọ́. Dókítà ní kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ bọ omi ọṣẹ mọ́ láyé rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ló ra ẹ̀rọ náà fún wọn, ó sì fi nọ́ńbà atúnẹ̀rọṣe tì í. Baba rẹ̀ wo nọ́ńbà yẹn bí ẹni wo ìwọ̀sí.

"Níwọ̀n ìgbà tí orí mi bá ṣì wà lọ́rùn mi," ó ní, "atúnẹ̀rọṣe kankan ò ní wọ ilé ìdáná yìí."

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má forí búra nítorí abọ́. Ṣùgbọ́n ó ti búra.

Nígbà kan, omi inú ẹ̀rọ kọ̀, kò lọ mọ́. Abọ́ kàn jókòó sínú omi ẹlẹ́gbin. Ọkùnrin yìí ní òun ti rí i, pé ẹ̀yìn ló ti ń ṣe é. Ó fa ẹ̀rọ kúrò lára ògiri, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀ palẹ̀, ó yọ páìpù, ó fẹnu fẹ́ ẹ, omi àná sì tú jáde sí i lójú. Ìyàwó rẹ̀ fa àga, ó jókòó, ó ń wò ó.

"Bàbá ọmọ mi, ṣé ẹ ti wo asẹ́ tó wà nísàlẹ̀ inú rẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ yìí ju asẹ́ lọ."

"Ẹ ṣáà wò ó."

"Ẹ̀yìn ni mo sọ fún ọ."

Nígbà tó rẹ̀ ẹ́ tán, ó ti ọwọ́ bọ asẹ́ kí obìnrin yìí lè jẹ́ kí òun gbádùn. Ó fa èérún oúnjẹ jáde, ó fa egungun ẹja jáde, lẹ́yìn náà ló fa eyín jáde. Eyín tirẹ̀ ni, eyín àtọwọ́dá tó ti ń wá kiri, tó sì ti di ẹ̀sùn rẹ̀ ru ológbò opó ìsàlẹ̀. Inú ife ló gbàgbé rẹ̀ sí, ife sì bá abọ́ wọ ẹ̀rọ. Ó fi omi ṣàn án, ó tì í bọ ẹnu, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Mo ti rí i," ó ní.

Ìgbà tí gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ṣíṣú bí ojú arúgbó ńkọ́? Ọmọ rẹ̀ sọ lórí fóònù pé iyọ̀ ẹ̀rọ, èyí tí kì í jẹ́ kí omi fi funfun sílẹ̀ lára abọ́, ló tán, pé ihò kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń rọ ọ́ sí. Ibi ọ̀rọ̀ iyọ̀ ni baba ti gbé fóònù sílẹ̀. Ó mú iyọ̀ ọbẹ̀, ó wọ́n ọn sórí abọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn bí ẹni ń fi iyọ̀ pa ẹran. Lẹ́yìn ìyẹn, opó ìsàlẹ̀ wá kí wọn, ó mu tíì, ó gbé ife kalẹ̀.

"Bàbá, tíì yìí níyọ̀."

"Ẹ̀yin náà kíyè sí i, àbí? Ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn."

Tó bá wá di ọ̀rọ̀ títo abọ́ sínú ẹ̀rọ, ọlọ́pàá ni. Abọ́ méjì ò gbọdọ̀ kọjú síra wọn, omi ò ní ráyè kọjá láàárín wọn. Ṣíbí ọbẹ̀ ò gbọdọ̀ nàró kó máa dènà apá inú ẹ̀rọ tó ń yí, tó ń fọ́n omi ká. Òótọ́ sì ni, torí ṣíbí ọbẹ̀ ti di apá náà lọ́wọ́ rí fún ọjọ́ pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, àwọn tó ń pín omi fún ìlú ló sì ń bú ní gbogbo ìgbà yẹn. Nígbà àkọ́kọ́ tó lọ kí àwọn àna rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fọwọ́. Wọn ò rí i kó padà. Nígbà tí wọ́n wá a dé ilé ìdáná, ó ti lóṣòó síwájú ẹ̀rọ wọn, ó ti kó gbogbo abọ́ sílẹ̀.

"Ẹ ò mọ abọ́ tò níbí," ó sọ fún ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ní tí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ yẹn, òun ì bá wọlẹ̀ lọ.

Ó wá di ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ dákẹ́ pátápátá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, kò dún. Ọmọ ní kí wọ́n pe atúnẹ̀rọṣe. Ìyá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Baba wo ọwọ́ náà pẹ̀lú.

"Mo ti rí i," ó ní. "Ẹ jáde fún mi."

Ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ń gbọ́ omi, wọ́n ń gbọ́ abọ́ tó ń kan abọ́, wọ́n ń gbọ́ ọkùnrin tó ń súfèé. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, apá aṣọ rẹ̀ tutù rinrin, ooru sì ń rú jáde nínú ẹ̀rọ.

Láti ọjọ́ náà ló ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Ó ní ariwo máa ń da ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn láàmú, òun nìkan ló lè jókòó tì í. Ìyàwó rẹ̀ ò bá a jà. Abọ́ ń dán. Wọ́n mọ́ ju ti ìgbà tí ẹ̀rọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti fura, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti jinná, ó ti ń di bọ́tìnnì ara rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá sì wọlé ló ń sọ fún pé ọkọ òun mọ ẹ̀rọ tún ṣe. Tí ọkọ bá gbọ́ ọ, á wúkọ́, á wo òkè.

Àìsàn kékeré ló gbé Mo-Ti-Rí-I lọ. Àwọn tó wá kí wọn kú ọ̀fọ̀ lo gbogbo abọ́ ilé tán. Nígbà tí wọ́n lọ, ìyàwó rẹ̀ to abọ́ sínú ẹ̀rọ, ó jẹ́ kí wọ́n kẹ̀yìn síra wọn, ó tẹ bọ́tìnnì. Kò dún. Ó rántí òfin, ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó dúró lóde. Síbẹ̀ kò dún. Ẹ̀rù bà á. Ṣé omi ọṣẹ ló máa padà sí báyìí? Bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ da ìbúra òkú. Nígbà tó wá gbà kí ọmọ rẹ̀ pe atúnẹ̀rọṣe, ojú ń tì í bí ẹni tó fẹ́ lọ́kọ mìíràn.

Atúnẹ̀rọṣe dé, ó fa ẹ̀rọ síta, ó yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Mọ́mì, ìgbà wo lẹ lo ẹ̀rọ yìí gbẹ̀yìn?"

"Kí ọkọ mi tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ojoojúmọ́ ló ń lò ó."

Ọkùnrin náà wo ọmọ, ó tún wo ìyá. "Mọ́tò rẹ̀ ti kú, ó ti pẹ́ gan-an. Páìpù omi ò tilẹ̀ so mọ́ ọn. Aláǹtakùn ti fi ẹnu páìpù ṣelé. Ta ló ń fọ abọ́ yín?"

Atúnẹ̀rọṣe kúnlẹ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó fa ìbọ̀wọ́ rọ́bà méjì jáde, ìbọ̀wọ́ ọkùnrin, tí ìka rẹ̀ ti lu. Ó fa kẹ́tùlù àtijọ́ kan tí ìyá náà ti rò pé ó sọnù. Ó fa ike ọṣẹ olómi kan, irú èyí tó lé wọn jáde lọ́jọ́sí.

Ìyá gbé kẹ́tùlù lọ́wọ́. Òun ni ọkọ rẹ̀ fi ń da omi gbígbóná sórí abọ́ kí ooru lè rú. Ó fojú inú rí i níwájú àwọn ìkòkò ẹlẹ́gbin, ó ti ká apá aṣọ, ó ń súfèé, kí ìyàwó rẹ̀ má bàa ti ọwọ́ bọ omi, kí òun fúnra rẹ̀ má sì ní láti gbà pé ẹ̀rọ borí òun.

"Òpùrọ́," ó ní. "Òpùrọ́ àgbàlagbà." Ẹ̀rín gbá a mú títí ó fi jókòó, ẹkún sì bá ẹ̀rín yẹn jáde. "Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn," ó sọ fún atúnẹ̀rọṣe, ẹni tí kò bi í.

"Mọ́mì, ṣé kí n gbé e lọ dànù?"

"Rárá. Tún un ṣe. Ó ti sinmi tó."

Wọ́n fi mọ́tò tuntun sí i. Lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́, ìyá mú gíláàsì kan, ó gbé e sójú fèrèsé, ó yí i lọ, ó yí i bọ̀.

"Ó mọ́, Màámi," ọmọ rẹ̀ ní.

"Ó mọ́ díẹ̀. Kò mọ́ tó ti baba rẹ."

Ó to abọ́ tó kù, ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó di ọmọ rẹ̀ lápá mú, ó fi orí júwe ọ̀nà fún atúnẹ̀rọṣe, ó kó àwọn méjèèjì jáde kúrò nínú ilé ìdáná, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ jẹ́ ká fún un láyè," ó ní. "Kì í fẹ́ ariwo."