Àga Kan fún Òpó

Mi ò ní fi oyin sí ọ̀rọ̀ Òpó. Bó ṣe rí gan-an ni màá ṣe sọ ọ́, ẹni tí kò bá dùn mọ́ kó dijú ẹ̀.

Òpó kọ́ ni orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́. Àwa òṣìṣẹ́ la fún un lórúkọ yẹn, torí pé ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ló fi dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Lọ́ńjì ni wọ́n ń pe yàrá náà, ní pápákọ̀ òfurufú, níbi tí àwọn tó ń wọ bàálù bí ẹni ń wọ bọ́ọ̀sì ti máa ń sinmi kí wọ́n tó pè wọ́n. Òpó á wo káàdì wọn, á gba kóòtù wọn kọ́. Tí wọ́n bá ń jáde, á ní, "Ẹ ó gúnlẹ̀ láyọ̀ o." Èmi ni mò ń po tíì lẹ́yìn káńtà. Ọdún kan náà ni wọ́n gbà wá síṣẹ́, ojú mi ni gbogbo ẹ̀ ṣe.

Àga mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló wà nínú yàrá yẹn, òṣìṣẹ́ kankan ò sì gbọdọ̀ fìdí kan ọ̀kan nínú wọn. Òfin ni. Wákàtí mẹ́sàn-án lójúmọ́, lórí ìdúró! Èmi máa ń yọ́ lọ sẹ́yìn fíríìjì lọ jókòó sórí páálí omi. Ṣé wọ́n ní kí n wá kú sídìí tíì ni? Òpó ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní tí ẹnì kan bá dé tí kò bá ẹnikẹ́ni lẹ́nu ilẹ̀kùn ńkọ́? Orúnkún ọ̀tún ẹ̀ wú títí tó fi dà bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Tó bá ń rìn, á gbé ẹsẹ̀ òsì, á wá wọ́ tọ̀tún tẹ̀ lé e. Tó bá ti bí mi nínú, mo máa ń sín in jẹ níwájú àwọn tó ń gbálẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Ẹni tí kò bá tíì po tíì fún ẹni tó ń wọ bàálù lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ò tíì gbọ́ ìráhùn. Òótọ́ ni, lọ́ńjì yẹn ti gbó. Awọ àga ti bó, ó ń lẹ̀ mọ́ wọn ní ṣòkòtò. Kápẹ́ẹ̀tì ń rùn bí ajá tí òjò pa. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti kú, ẹni tó bá wà níbẹ̀ ń wúkọ́ ṣáá ni kí ẹlòmíì má baà já wọlé bá a. Wọ́n á ní, "Oúnjẹ gbígbóná la máa ń jẹ níbí tẹ́lẹ̀! Ẹ wo ohun tí wọ́n sọ ibí dà!" Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n ń ki bisikíìtì wa bọ àpò. Ṣìọ̀!

Olórí wọn ni ọkùnrin kan tá a ń pè ní Adájọ́. Kò mọ nǹkan kan nípa òfin o, ẹnu ẹ̀ ló jẹ́ ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó máa dá ẹjọ́ tíì, ó máa dá ẹjọ́ ife, ó máa dá ẹjọ́ ẹni tó gbé e wá. Àga kan wà létí fèrèsé tó jẹ́ tiẹ̀, báírò aláwọ̀ ewé ló sì máa ń wà lápò ẹ̀. Òpó ló máa ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ bá a níbẹ̀ tí aago bá ti lu méjì, á ní, "Sà, oògùn yín o." Ọdún mẹ́jọ ló fi ṣe é, kò gbàgbé lọ́jọ́ kan.

Òpó máa ń pe àwọn oníbàálù yìí ní àwọn èèyàn òun. Mo ní, "Èèyàn ẹ? Ta ló mọ ilé ẹ nínú wọn?" Ó ní ìlara ló ń dà mí láàmú. Kò purọ́ náà, wọ́n máa ń bi òun bóyá ó sùn dáadáa, ẹnikẹ́ni ò bi èmi rí.

Nígbà tó yá, Mánéjà pè wá jọ, ó ní wọ́n máa tún lọ́ńjì ṣe láti òkè délẹ̀. Ó kó fọ́ọ̀mù jáde, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: kí lẹ fẹ́ ká pààrọ̀? Ó ní ohun tí àwọn oníbàálù bá kọ ni wọ́n máa ṣe.

Òpó na ọwọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí wọ́n bá kọ ọ́ pé kí ẹ gbé àga kékeré kan fún ẹni ẹnu ilẹ̀kùn ńkọ́?"

Mánéjà rẹ́rìn-ín. "Tí wọ́n bá lè kọ ọ́, màá gbé e fún ẹ."

Ẹ̀fẹ̀ ni Mánéjà ń ṣe. Òpó gbà á gbọ́ bí ẹni gbọ́ wàásù. Ó bẹ̀bẹ̀ pé òun lòun máa pín fọ́ọ̀mù yẹn, wọ́n sì kó o fún un. Ẹ wá wo ìwà òmùgọ̀: kò fún àwọn àlejò tó ń kọjá lọ rárá, àwọn tí ì bá ṣàánú ẹ̀. Àwọn èèyàn ẹ̀ nìkan ló fún.

Ìṣojú mi ló ṣe lọ bá Adájọ́ létí fèrèsé. Ó tẹ̀ ba díẹ̀, ó rọra sọ ọ́ bí ẹni ń tọrọ omi. "Sà, orúnkún mi ò gbéṣẹ́ mọ́. Ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n fún mi lága. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, wọ́n máa gbọ́."

Adájọ́ yọ báírò ẹ̀. "Fọkàn balẹ̀, màmá. Màá kọ ọ̀rọ̀ ẹ síbẹ̀."

Inú ẹ̀ dùn débi pé ó wá sọ́dọ̀ mi ní káńtà, ó ní kí n po tíì tó dáa fún ọ̀gá yẹn. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń kó fọ́ọ̀mù jọ sínú àpòòwé kan. Kò ṣí ọ̀kan wò. Èmi? Màá ti kà á, màá ti ya èyí tí kò bá wù mí. Òpó ní kò dáa, ọ̀rọ̀ oníbàálù ni.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn ọ̀sán, a pé sínú lọ́ńjì. Mánéjà jókòó, àwa dúró. Ó ní, "Ìwọ lo kó wọn jọ, máa kà á fún wa." Òpó fi awò ẹ̀ sójú, ó tún aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ ṣe. Ohùn ẹ̀ já geere. Ẹ pààrọ̀ àga. Ẹ pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí tíì máa gbóná, ẹni tó ń pò ó kì í sí nídìí iṣẹ́. Wọ́n wò mí, mo wo òkè.

Ó wá fa ìwé kan yọ, yínkì aláwọ̀ ewé ló wà lára ẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"Mo ti ń wá síbí láti ìgbà tó ti dáa. Ìtìjú ló kù báyìí. Obìnrin ẹnu ilẹ̀kùn fi ẹnu ara ẹ̀ sọ fún mi pé orúnkún òun ò gbéṣẹ́ mọ́. Ẹ bá wa pààrọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú àwọn àga."

Ó kà á dé ìdí. Kò fo ọ̀rọ̀ kan. 

Mánéjà mú báírò. "Tún ìyẹn kà, mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó tún un kà. Nígbà tó tún dé ibi orúnkún yẹn, ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni. Mi ò mọ ibi tí ẹ̀rín yẹn ti wá, Ọlọ́run ló mọ̀, àmọ́ ẹnu mi ló ti jáde. Òpó ò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ká ìwé yẹn, ó fi í pa mọ́ sẹ́yìn àwọn yòókù, ó sì mú èyí tó kàn.

Ìparí oṣù ni wọ́n fún un ní lẹ́tà pé kó máa lọ. Wọ́n ti ń kó àwọn àga gbígbó yẹn sọ nù, ni Mánéjà bá ní kó mú ọ̀kan lọ sílé, ẹ̀bùn ìdágbére ni. Àga etí fèrèsé ni wọ́n gbé fún un. Àwọn agbálẹ̀ bá a gbé e dé ojú títì, wọ́n padà. Láti ẹnu géètì ni mo ti ń wò ó. Ó ju wákàtí kan lọ kó tó rí ọkọ̀ tó lè gbé àga. Òun àti àga létí títì, síbẹ̀ ìdúró ló wà.

Lọ́ńjì wa ti di tuntun báyìí. Ẹ̀rọ ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n á fi káàdì kàn án, á ké píì, ó parí. Ẹ wá gbọ́ o: àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yẹn, tìmùtìmù ẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ẹni tó ya àwòrán ilé ló ti yà á síbẹ̀ kí wọ́n tó rántí pé kò ní sí ènìyàn níbẹ̀ mọ́. Adájọ́ ló ń gbé báàgì ẹ̀ lé e.

Kò sì tíì yéé ráhùn! Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ibí tún ti bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ò mọ ènìyàn. Obìnrin kan wà níbí tó mọ aago oògùn mi. Ibo ló wà?"

Mo wo ojú ẹ̀ dáadáa. Kò rántí rárá. Ó ti kọ ọ́, ó ti gbàgbé ẹ̀, ó ti bọ́ sínú bàálù. Èébú ti dé orí ahọ́n mi. Mo ní, "Mi ò mọ̀ sà," mo gbé tíì fún un.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni mo lọ kí Òpó. Yàrá kan ló ń gbé lẹ́yìn ilé àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, ìyàwó àbúrò náà sì ti ń ṣàròyé kí n tó wọlé pé àga yìí ò jẹ́ kí wọ́n ráyè. Àga náà wà létí fèrèsé, Òpó fi aṣọ mímọ́ bò ó. Ó ní kí n jókòó síbẹ̀, mo jókòó. Òun dúró tì mí.

"Ìwọ náà jókòó," mo wí.

"Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Ara mi kọ̀ ọ́."

Kí n lè rí nǹkan sọ, mo ní, "Adájọ́ bi mí nípa ẹ. Ó ní ibẹ̀ ò dùn mọ́ látìgbà tó ò ti sí níbẹ̀."

Ẹ wo ojú obìnrin yẹn! Ó tàn yòò. "Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Èèyàn mi ni! Ta ló wá ń rán an létí oògùn ẹ̀?"

Mo ní èmi ni. Irọ́ ni. Mi ò rán an létí rí, mi ò sì ní rán an létí láé.

Nígbà tí mo fẹ́ lọ, ó ti mú kóòtù mi dání kí n tó dìde. Ó wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀ lé mi dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ọdún mọ́kàndínlógún la fi jọ ṣiṣẹ́, "ìwọ" ló ń pè mí. Ó nà gbọọrọ, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, kò tiẹ̀ wò mí lójú.

Ó ní, "Ẹ ó gúnlẹ̀ láyọ̀ o."