Ọ̀bẹ Tí A Pín sí Ilé Méjì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọ́n ṣì ń pe Banjul, olú-ìlú Gambia, ní Bathurst, àgbẹ̀dẹ kan wà lẹ́yìn ilé wa ní àdúgbò Box Bar. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má rò pé ẹnikẹ́ni ló lè wọ ibẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́. Bíbí ni wọ́n ń bí alágbẹ̀dẹ nílùú náà. Ọmọ alágbẹ̀dẹ nìkan ló ń rọ irin. Bàbá mi wá láti Nàìjíríà, aṣọ ló ń tà lọ́jà. Ọ̀rẹ́ mi kan jẹ́ ọmọ Akú, ìran àwọn ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀, láti àdúgbò Portuguese Town, akọ̀wé ìjọba ni bàbá tirẹ̀. Síbẹ̀, iṣẹ́ irin ló wu àwa méjèèjì.

Nígbà tí ó rẹ alágbẹ̀dẹ láti máa lé wa, ó ju àjákù sípíríǹgì lọ́rì kan sí wa.

Ó ní, "Ẹ fi rọ ọ̀bẹ kan ṣoṣo, ẹ̀yin méjèèjì. Bí ó bá ṣeé fi dúńbú àgbò Iléyá, mo gbà yín. Bí kò bá ṣeé ṣe, n kò fẹ́ rí yín níwájú ẹwìrì mi mọ́."

Èmi lu irin, ọmọ Akú fẹ́ iná. Ìjà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a fẹ́ mọ ilé tí ọ̀bẹ yóò sùn.

Ó ní, "Ọmọ oníṣòwò, bí ó bá sùn lọ́dọ̀ yín, ẹ ó ti tà á kí ilẹ̀ tó mọ́."

Mo ní, "Bí ó bá sùn lọ́dọ̀ yín, bàbá rẹ á lu òǹtẹ̀ ìjọba sí i lára."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Olúkúlùkù wa gbà pé ìkejì fẹ́ dá gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ ni. Nítorí náà, a pín in: irin lọ́dọ̀ mi, igi èèkù lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo fi irin sábẹ́ ẹní mi. Mo ń rí i tí ó ń kọjá níwájú ilé wa láìní iṣẹ́ kankan, ojú rẹ̀ sí fèrèsé. Èmi náà a máa ṣe bí ẹni ń lọ ra búrẹ́dì ní Portuguese Town, kí n lè tẹ́tí bóyá ó ń lu irin mìíràn.

Ó yẹ kí a fi ìdí irin sínú iná títí yóò fi pupa yòò, kí a gbá a wọ inú igi, kí ó fúnra rẹ̀ jó àyè tí ó máa gbà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ìkejì, a kò sì gbà. Mo ṣẹ́ igi ìgbálẹ̀ sí gígùn ìdí irin, mo fi ránṣẹ́ sí i pé kí ó fi wọn ihò. Igi ìgbálẹ̀ sọ gígùn fún un, kò sọ nínípọn.

Lọ́jọ́ tí a pàdé ní àgbẹ̀dẹ, ó gba irin lọ́wọ́ mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó sì gbá a wọ inú èèkù. Ó dúró gbọn-in. Alágbẹ̀dẹ gbé e sókè, ó fi gé igi. Irin fò yọ. Mo kọ́kọ́ mọ òtútù lọ́rùn mi kí n tó rí ẹ̀jẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ fi fìlà rẹ̀ dí ojú ọgbẹ́. Ó wá fa àkísà jáde nínú ihò èèkù.

"Ta ló ki èyí bọ̀ ọ́?"

Ọmọ Akú ní, "Ìwọ̀n tí ó fún mi ni kò dáa."

Mo di fìlà náà mú mọ́ ọrùn mi.

Alágbẹ̀dẹ ní, "Ẹ máa lọ sílé yín. Ẹni méjì tí ń ṣọ́ ara wọn, ta ni yóò wá ṣọ́ iná?"

Ìyá ọmọ náà mú un wá kí mi. Ó wo ọrùn mi, kò wo ojú mi. Mo gbọ́ pé ìlú Bakau, létí òkun, ló ń gbé báyìí. Títí dòní n kò mọ̀ bóyá ó rò pé àkísà yóò mú irin dúró, tàbí ó mọ̀ pé kò ní mú un. N kò sì ní lọ béèrè.

Ayé ti yí. Inú páálí ni ọ̀bẹ ń gbà wá láti òkè òkun. Ẹ kò mọ ẹni tó lu irin rẹ̀, ẹ kò mọ ẹni tó dá ihò èèkù, kò sí ẹni tí ẹ ó fura sí. Àwọn ọmọ mi a yọ ọ́, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí gé ẹran lójú ẹsẹ̀. Èmi a kọ́kọ́ jáde kúrò nílé ìdáná.