Ìyàwó Ló Pa Olóyè

Mo ṣí ìwé àtijọ́ kan lánàá, òórùn ẹ̀ kọlù mí, orí mi sì tún dàrú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé nílé wa n'Íwo, bàámi àti màámi ń jiyàn lórí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ayé àtijọ́ tí wọ́n jọ kà. Èmi ò mọ̀ pé inú ìwé ni!

Màámi ní, "Ìyàwó ló fi májèlé sẹ́kọ olóyè. Ó kúkú ṣe dáadáa!"

"Háà, Ìyá Bọ́lá! Torí pé ọkọ fẹ́ fẹ́ ẹlòmíì?"

Màámi dìde lọ sílé ìdáná. Wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún bàámi. Mo sáré ti abọ́ náà dànù.

Màámi gbá mi létí. "Ṣé orí ẹ pé?"

Bàámi ò bá mi wí. Wọ́n kàn ń wo ẹ̀kọ tó ń ṣàn nílẹ̀.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bàámi ti ń fẹ́ ìyàwó kejì ní Olúpọ̀nnà nígbà yẹn. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ìwé nìkan ni màámi ń sọ.