Ọ̀gànwó Tí Wọ́n Bó Yíká

Inú kì í tètè bí Sùwéébátù Láwàl. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ta ewé àti egbò ní Lotto nítòsí Ìbàfò, gbogbo ìyá ọlọ́mọ tó ń ra àgbo ibà lọ́wọ́ rẹ̀ ló sì mọ̀ pé jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Jímọ̀ kan, nígbà tó dé ìdí igi ọ̀gànwó tó ti máa ń bó eèpo àgbo lẹ́yìn ilé Bàbá Olúgbádé, ó figbe ta.

Wọ́n ti bó igi náà yíká. Láti orí gbòǹgbò títí dé ibi tí ọwọ́ géńdé lè dé, kò sí eèpo kankan lára rẹ̀ mọ́. Ó pupa yòò bí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó láwọ.

Òun nìkan ló kù ládùúgbò náà. Katapílà àwọn tó ń kọ́ ẹ̀sítéètì ti wó àwọn yòókù. Bàbá Olúgbádé tó ni ilẹ̀ sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: "Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń rúwé, ẹnikẹ́ni ò ní gé e. Ọjọ́ tó bá gbẹ, mo máa tà á fún onípákó." Ìdí nìyẹn tí Sùwéébátù fi ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Bó bá bó díẹ̀ níbi tí oòrùn ti ń yọ lọ́dún yìí, ó di àmọ́dún kó tó fọwọ́ kan ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Igi tí a bá bó yíká, kíkú ló máa kú.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mú débẹ̀ rí: Fẹ̀hìntọlá, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó gba fíríìdọ̀mù lọ́dún méjì sẹ́yìn, tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ìbàfò.

Sùwéébátù kò padà sílé. Ìbàfò ló gbà lọ tààrà. Àpò eèpo mẹ́ta ló bá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tútù ni gbogbo wọn.

Fẹ̀hìntọlá kúnlẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ìyá mi, ẹ káàárọ̀ o! Ẹ̀yin rèé láàárọ̀ kùtù?"

"Dìde! Ẹni tó bá ń kúnlẹ̀ kí mi kì í bó igi mi síhòòhò."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọmọbìnrin náà. "Háà, Ìyá, igi ni o! Ẹ ń ṣe bíi pé mo pa ọmọ yín. Àwọn tó ń lọ eèpo, tí wọ́n ń tà á nínú ike ní Àjùwọ̀n, ló ní àwọn ń fẹ́ àpò mẹ́ta kíákíá. Tí mo bá ń bó díẹ̀díẹ̀ bíi tiyín, ìgbà wo ni àpò á kún?"

"Kó má kún! Ṣé àpò kíkún ni mo kọ́ ẹ ni? Ọdún mẹ́rin lo fi jẹun nínú abọ́ mi, bí wọ́n ṣe ń ju àdá nìkan ló yé ẹ!"

Obìnrin kan tó wá ra ewé dá sí i. "Ìyá, ẹ ṣe sùúrù."

"Sùúrù ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n kó sínú àpò yẹn, ìyàwó. Ta ló tún kù tó máa ṣe sùúrù?"

Fẹ̀hìntọlá wolẹ̀. "Mo rò pé ó máa hù padà ni. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé eèpo máa ń hù."

"Láti etí èyí tó bá ṣẹ́ kù ló ti ń hù! Èwo lo fi sílẹ̀ fún un?"

Ọmọbìnrin náà tún kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá."

"Kì í ṣe èmi lo bó láwọ. Ti ṣọ́ọ̀bù yẹn. Gbé àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ká lọ."

Nígbà tí wọ́n fi ń pe ìrun Jímọ̀, ẹrẹ̀ ti bo ọwọ́ Fẹ̀hìntọlá dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ń to eèpo náà padà sára igi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi amọ̀ rẹ́ ẹ, Sùwéébátù sì ń fi okùn dì í le pinpin.

"Ìyá," ọmọbìnrin náà béèrè, "ṣé ó máa yè?"

Sùwéébátù mọ èsì rẹ̀. Ó fa okùn náà títí ó fi há mọ́ igi.

"Po amọ̀," ló sọ.