Apá Ọ̀tún Mọ̀núrù

Ẹ ò mọ Mọ̀núrù àbúrò mi nígbà tí apá rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá. Á gbé páálí mílíìkì rù lọ́jà Òkè Àrin l'Ékòó, á tún há òmíràn mọ́ abíyá, á sì máa súfèé lọ. Alábàárù ni, àmọ́ ní agboolé wa n'Ísàlẹ̀ Gángan, kì í ṣe ẹrù rírù la fi mọ̀ ọ́n. Òun ló ń di àgbò agboolé mú lọ́jọ́ Iléyá. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, ìwo àgbò ti di tiẹ̀. Á fi ọwọ́ ọ̀tún fa orí ẹran sẹ́yìn, àfáà á ṣe Bísímílà, ó parí. Ó máa ń fi yangàn débi pé lọ́jọ́ Iléyá, ẹ gbọ́dọ̀ pè é lẹ́ẹ̀mejì kó tó dá yín lóhùn!

Lọ́dún Fẹ́sítáàkì, òjò rọ̀, Mọ̀núrù yọ̀ ṣubú létí gọ́tà pẹ̀lú ẹrù lórí. Apá ọ̀tún kán. Ní ọsibítù, wọ́n fi simẹ́ńtì funfun dì í láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Ọjọ́ tí wọ́n gé simẹ́ńtì náà kúrò, igbe ta. Yéè! Apá tó ki bí ọmọ odó ti tín-ín-rín bí ọmọrogùn.

"Simẹ́ńtì ti jẹ ẹran apá mi," ni Mọ̀núrù wí, ló bá bú sẹ́kún. Iléyá ò sì jìnnà mọ́. Lùkúmọ̀n, àbíkẹ́yìn ilé wa, ti ń rìn ká agboolé bíi pé ìwo àgbò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n tí Mọ̀núrù dá. Ó ní òun ò ní fi apá yẹn ṣe ohunkóhun títí Iléyá á fi dé. Ó ní agbára dà bí omi inú àmù, béèyàn ò bá bu ú, kò ní dín. Ó fi gèlè Memunat ìyàwó rẹ̀ gbé e kọ́ ọrùn, ó wá jókòó kalẹ̀ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ọkùnrin onírùngbọ̀n!

Inú bí mi. Mo wọ́ ọ lọ bá Ganiat, nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ àwọn tí eegun wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ san bí wọ́n á ṣe máa na ara. Ganiat ò tiẹ̀ bá a jà.

"Bọ̀ọ̀dá, tẹ́ ẹ bá fa ẹran màlúù tó jinná ya, kí lẹ máa ń rí?"

"Fọ́nrán-fọ́nrán ni."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni tiyín. Fọ́nrán tín-ín-rín ló wà ní ìdì-ìdì, awọ fẹ́lẹ́ wé ìdì kọ̀ọ̀kan, okùn funfun sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ eegun. Simẹ́ńtì ò jẹ nǹkan kan. Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n kàn rù ni, torí wọn ò ríṣẹ́ ṣe."

Mo ní kí ló wá ń jẹ́ kí wọ́n lè fa nǹkan. Ganiat kọjú àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síra, ó ki wọ́n bọ àárín ara wọn díẹ̀.

"Inú fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, àwọn tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ tò síra báyìí. Tí ọpọlọ bá ránṣẹ́, wọ́n á fà wọ àárín ara wọn." Ó ti ìka rẹ̀ wọlé ṣinṣin. "Ṣé ẹ rí i? Ìka kankan ò kúrú, àmọ́ ọwọ́ méjèèjì ti súnmọ́ra. Bí iṣan ṣe ń sún kì nìyẹn."

"Tí mo bá wá fẹ́ ti nǹkan ńkọ́?" ni Mọ̀núrù bi í.

"Iṣan ò mọ títì o, fífà nìkan ló mọ̀. Ti iwájú apá á fà, ìgúnpá á ká. Ti ẹ̀yìn á fà, á nà. Tí ọ̀kan bá ń fà, èkejì á dẹ̀ fún un. Ẹ tú gèlè yẹn kúrò lọ́rùn. Ife omi ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, tó bá yá, kẹ́ ẹ bọ́ sórí kẹ́tùrù."

Áà, Ganiat, o kó wa sí wàhálà! Kò sí ohun tí Mọ̀núrù ò gbé mọ́. Ó gbé kẹ́tùrù, ó gbé odó, ó gbé àpótí tí Memunat jókòó lé, Memunat sì ń pariwo pé ọkọ òun ti ya wèrè. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ tí mo bá wo apá yẹn, àyà mi á já. Ó ti ń ki díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì rí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Iléyá dé. Àgbò ọdún yẹn sanra, ó sì lágídí. Lùkúmọ̀n ti ká apá aṣọ sókè. Mọ̀núrù ò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó kúnlẹ̀, ó gbá ìwo mú. Àgbò jà pìtìpìtì. Mo rí iṣan apá àbúrò mi tó yọ kókó, mo sì rí i tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọlọ́run mi, ẹ má jẹ́ kójú tì í. Lùkúmọ̀n sún mọ́ ọn.

"Lùkúmọ̀n!" Mọ̀núrù jágbe mọ́ ọn. "Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kó o dì mú!"

Lùkúmọ̀n yí sẹ́yìn àgbò, ó di ẹsẹ̀ mú. Orí àgbò lọ sẹ́yìn. Àfáà ṣe Bísímílà, ó parí.

Ẹni tó bá di ìwo mú ló máa ń kọ́kọ́ jẹ nínú ẹ̀dọ̀ nílé wa. Memunat sun ún, ó gbé e wá lórí abọ́. Mọ̀núrù nawọ́ mú un, ọwọ́ ń gbọ̀n rìrì, kò lè gbé e dé ẹnu. Ó gbìyànjú títí, ẹ̀dọ̀ já bọ́ sínú abọ́. Gbogbo agboolé bú sẹ́rìn-ín, òun fúnra rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Ìgbà náà ni Lùkúmọ̀n dìde. Ó mú ẹ̀dọ̀ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lanu."

Mọ̀núrù lanu, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì.

"Iyọ̀ ò tó," ló wí, ló bá tún lanu.