Ewé Tí Ìyá Àgbà Gbá ní Mesquite

Òórùn ewé tútù àti ìró ìgbálẹ̀ ló máa ń jí mi láràárọ̀ nígbà òtútù ọdún yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, à ń gbé ní Mesquite nílùú òyìnbó, ìyá bàbá mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọ̀yọ́ dé láti wá bá wa tọ́jú àbúrò mi tuntun. Àmọ́ nọ́ọ̀sì ni màmá mi, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ tiwọn. Ẹ̀rọ ló ń fọ aṣọ, ẹ̀rọ ló ń fọ abọ́. Ilẹ̀ gbígbá nìkan ló ṣẹ́ kù fún Ìyá Àgbà.

Igi ńlá kan wà lẹ́yìnkùlé wa tí ewé rẹ̀ máa ń pọ́n bí epo, tí á sì wọ́ sílẹ̀ títí koríko ò fi ní hàn mọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ á máa ri èso mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kan ń gbé lábẹ́ ewé náà ní kọ̀rọ̀ ọgbà, tíṣà wa sì ti sọ pé ibẹ̀ ló máa sùn sí títí òtútù á fi lọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá Àgbà ò mọ ìyẹn. Níbi tí wọ́n ti wá, ilẹ̀ ni èèyàn ń kọ́kọ́ gbá. "Àlejò lè yà o," ni wọ́n máa ń wí. Àlejò wo, ní Mesquite?

Ní Sátidé kan, mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo bá a pé Ìyá Àgbà ti gbá dé kọ̀rọ̀ ọgbà, ilẹ̀ sì mọ́ féfé. Ewé ti wà nínú àpò, ọ̀pọ̀lọ́ mi ò sí mọ́. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì jágbe mọ́ Ìyá Àgbà pé ilé wọn kọ́ nìyí, ta ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì wọn ò tó nǹkan, àmọ́ èyí yé wọn.

"Má bínú, ọkọ mi," ni wọ́n wí.

Wọn ò gbálẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á múra, wọ́n á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tí wọn ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Bí bàbá mi bá bi wọ́n pé ṣé kò sí, wọ́n á ní, "Mò ń sinmi ni." Kí Kérésì tó dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa lọ sílé. Inú mi dùn, ewé mi kún ilẹ̀, mo rò pé mo ti borí. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Mo ti pé ẹni ogójì ọdún báyìí, mo ní ilé tèmi ní Plano. Lóṣù tó kọjá, màmá mi fẹ̀yìn tì, wọ́n sì kó wá sọ́dọ̀ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n dúró sí ilé ìdáná, ọwọ́ wọn ṣófo.

"Kí ni kí n bá ẹ ṣe?"

Ó kù díẹ̀ kí n ní kí wọ́n lọ jókòó. Mo wá da ẹ̀wà sínú àwo pẹrẹsẹ, mo gbé e fún wọn, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá mi ṣà á. Mo ti ṣà á tán tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó jí.